Ta Ni Yóò Fa Ikun Imú Ọmọ?

"Ẹ gbọ́mọ yín, Ìyá Ìdùnnú. Ikun ti dí i nímú látàárọ̀, kò ráyè mu ọmú. Ẹnu yín la ń dúró dè."

Ìyá Kọ́ládé, ìyá ọkọ Ìdùnnú, ló sọ bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ wọn n'Iléṣà, ó sì na ọmọ tuntun náà síwájú. Nọ́síràtù, tó bí Ìdùnnú, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di báàgì mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àtìgbà tí oyún Ìdùnnú ti yọ ló ti ń yangàn kiri Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo pé òun lòun ó wẹ ọmọ, òun lòun ó fẹnu fa ikun imú rẹ̀, bí ìyá òun ti ṣe fún gbogbo ọmọ òun.

"Ọ̀fìnkìn ń ṣe mí," ló wí.

"Ọ̀fìnkìn ló ní kẹ́ ẹ wọ awò dúdú nínú ilé?"

"Màmá, ẹ wọlé," ni Ìdùnnú wí láti orí àga. "Ẹ ò tíì kí mi gan-an."

Nọ́síràtù ò mira. Irọ́ tó ti ń hun bọ̀ nínú mọ́tò láti Òṣogbo ti já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Yàrá àyẹ̀wò ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń tọ́jú fáírọ́ọ̀sì hápìsì, kòkòrò tó ń yọ egbò síni lẹ́nu àti lójú, sínú ìgò níbẹ̀, láti wò ó bóyá àwọn ewé kan tí wọ́n já nínú oko kòkó lè pa á. Awò onírọ́bà tó yẹ kó fi bojú, orí ìborí rẹ̀ ló máa ń tì í sí, torí pé èémí rẹ̀ ń mú un ṣú. "Ẹni tó bá rí mi nínú awò yẹn á rò pé àkèré àgbà ni," ló máa ń wí, gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ìdérí ìgò kan fò yọ, tí omi inú rẹ̀ ta sí i lójú, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ojú. Páálí ni Akínladé, ọ̀gá wọn, tò dí i, kò sì sómi nínú rẹ̀. Omi inú ọ̀rá ló bù sójú.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àǹtí, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé," ni Akínladé wí. "Àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀. Ta ni ò ní kòkòrò yẹn lára tẹ́lẹ̀ ná?"

Ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìdùnnú fi bímọ, ìléròrò wẹ́wẹ́ ti yọ sí ìpéǹpéjú rẹ̀, dókítà ojú sì ti sọ ohun tí òun náà mọ̀ fún un: bó bá ran ọmọ tuntun, ó lè wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ, ó sì lè pa á. Síbẹ̀ ó wọ mọ́tò. Ìyá wo ni yóò gbọ́ pé ọmọ òun bímọ tí yóò jókòó sílé? Ó rò pé òun á wo ọmọ náà lókèèrè, òun á sì máa lọ.

Ó bọ́ awò dúdú náà. "Kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Hápìsì ni, ibi iṣẹ́ ló ti ta sí mi lójú. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ yìí."

"Hápìsì?" ni Ìyá Kọ́ládé wí. "Èyí tí wọ́n ń kó lára ọkùnrin?"

"Ọkùnrin wo? Ara ìgò ni mo ti kó o. Ká ní ọkùnrin ni, ǹ bá tiẹ̀ ti jẹ̀gbádùn díẹ̀ kí ìyà tó dé."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Awò àkèré ibi iṣẹ́ yẹn lásán ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wọ̀, Màmá," ni Ìdùnnú wí. "Awò lásán. Ẹ sì mọ̀ pé mo lóyún."

Ìyẹn ta á ju ojú lọ.

"Ó dáa náà," ni Ìyá Kọ́ládé wí, inú rẹ̀ ò sì bà jẹ́ rárá. "Ìyá àgbà ọmọ yìí kì í kúkú ṣe ẹyọ kan. Èmi náà lẹ́nu." Ó tẹ̀ ba, ó gbé ẹnu sún mọ́ imú ọmọ.

Ìgbà yẹn ni Nọ́síràtù rí egbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ létí ètè rẹ̀.

"Ẹ dúró. Kí ló ṣe yín lẹ́nu?"

"Ibà ni. Bó ṣe máa ń jáde sí mi lẹ́nu nìyẹn."

"Kì í ṣe ibà. Ohun tó wà lójú mi yìí náà ni. Ẹ má fẹnu kàn án, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ìyá Kọ́ládé gbórí sókè. "Ẹ ò lè gbé e, ẹ ò wá fẹ́ kí èmi náà gbé e. Ẹ kó àrùn wálé, ẹ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́nu. Owú yín mà pọ̀ o."

Owú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nọ́síràtù mọ ara rẹ̀. Láti Òṣogbo ló ti ń rò ó pé obìnrin yìí ni yóò wẹ ọmọ náà, ó sì ń ta á bí ata. Ṣùgbọ́n egbò ni egbò.

"Ìdùnnú," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "gba ọmọ rẹ. Má gbé e fún èyíkéyìí nínú àwa méjèèjì."

Ìdùnnú wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ẹnu ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọ náà ń fi agbára mí. Ó dìde, ó gbà á, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Kọ́ládé á ra rọ́bà tí wọ́n fi ń fa imú ọmọ bọ̀. Ẹ lọ jókòó síta, ẹ̀yin méjèèjì."

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Kọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ẹkún tí kò lóhùn. "Ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́ nìyẹn," ló wí.

"Èmi náà, àkọ́kọ́ nìyẹn." Nọ́síràtù na ọwọ́ láti dì mọ́ ọn, ó rántí, ó ká ọwọ́ kò. Ó gbé àga kan jáde, ó gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ó padà wọlé lọ gbé èkejì.