Ẹ̀bẹ̀ Ìyá Eléwúrẹ́

Bàṣírát la ẹnu, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ó tún un là, ó di ọ̀fun mú, ohùn kan tó dà bíi ti ilẹ̀kùn tí kò rí epo yọ díẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyáàfin Rẹ̀míláyọ̀ Akínọ̀ṣọ́, tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá nílé-ẹ̀kọ́, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ eré tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn òbí lọ́jọ́ náà, tí Bàṣírát ti jẹ́ Ìyá Eléwúrẹ́, fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà. Ara rẹ̀ ò gbóná. Igbe tó ké lánàá níbi ìdánrawò ló gbé ohùn lọ, gbogbo orógbó àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Tìjání, olùkọ́ orin, sì ti ń fún un láti àárọ̀ ò tíì dá a padà.

"Ta ló mọ ọ̀rọ̀ Ìyá Eléwúrẹ́ nínú yín?" ni ó bi àwọn ọmọ tó kù.

Wọ́n ń wo ara wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kéré. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni lẹ́yìn Jákàńdè ní Lẹ́kkí, àwọn ọmọ kíláàsì àgbà rẹ̀ ò sì lè kún bọ́ọ̀sì kan. Ọmọ tó bá jẹ ìjòyè nínú ìran kìíní ni yóò bọ́ fìlà sílẹ̀, tí yóò sáré lọ gbe orin nínú ìran kejì. Kò sí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Tìjání wí, bó ti ń fi aṣọ nu kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe é. Àwọn òbí ti ń wọlé."

Rẹ̀míláyọ̀ yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti lọ sí igun yàrá, níbi tí Fèyíkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jókòó sí nínú agbádá funfun, tí fìlà tó tóbi jù ú lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó lójú. Fèyíkẹ́ ni Adelé nínú eré náà. Ní ìlú ìyá Rẹ̀míláyọ̀, lọ́nà Àkúrẹ́, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò jókòó sórí ìtẹ́ títí wọn yóò fi yan òmíràn. Yóò wọ agbádá, yóò dé fìlà bí ọkùnrin, àwọn arúgbó yóò sì máa dọ̀bálẹ̀ fún un. Rẹ̀míláyọ̀ rí i nígbà tó wà ní kékeré, kò sì gbàgbé. Ohun tó rí yẹn ló fi kọ eré. Ìran tó pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín jù nínú rẹ̀ ni èyí tí Ìyá Eléwúrẹ́ ti wá kúnlẹ̀ bẹ Adelé, nítorí pé ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ iṣu ààfin.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ yóò ní nítorí pé àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé ni Rẹ̀míláyọ̀ ṣe ń lọ́ra. Ká ní ìyẹn nìkan ni, ìbá rọrùn.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n bá eyín kíbọ́ọ̀dù méjì ní fífọ́. Ẹnì kan ní Fèyíkẹ́ ló jáde kẹ́yìn nínú yàrá orin. Ká ní ọmọ ẹlòmíràn ni, Rẹ̀míláyọ̀ ìbá béèrè. Ṣùgbọ́n tíṣà tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu ayé ló ń bẹ̀rù ju Ọlọ́run lọ. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó pe Fèyíkẹ́ síta níbi àpéjọ òwúrọ̀, ó ní kó kúnlẹ̀, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, èmi kọ́." Ó ní kó pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, káfíńtà tó ń tún fèrèsé ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó ní àkàbà òun ló ṣubú lé kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun tètè sọ. Ọ̀gbẹ́ni Tìjání bẹ Fèyíkẹ́. Ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà pè é, ó gbá a mọ́ra. Ìyá tó bí i nìkan ló kù.

Kì í ṣe pé Rẹ̀míláyọ̀ ò mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Ó ti kọ ọ́ sára pátákó fún wọn tó ìgbà tí kò níye: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ìyá fi ń bẹ ọmọ, ta ló fi hàn án rí? Ìyá tirẹ̀ ò bẹ̀ ẹ́ rí títí ó fi kú. Bí ìyá náà bá ṣẹ̀ ẹ́, yóò pè é pé kó wá jẹun, ọ̀rọ̀ sì tán nìyẹn. Òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dín dòdò, ó dín ẹyin sí i, ó gbé e síwájú ọmọ. Fèyíkẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó fọ abọ́, ó sì wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ náà, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" àti "rárá, mà" ni ohun tó kù láàárín wọn. Ọmọ náà ò rí i fín rárá. Ká ní ó tiẹ̀ ń rí i fín, Rẹ̀míláyọ̀ ìbá mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Bàbá Fèyíkẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nílé, ilé náà sì dákẹ́ bí ilé àwọn tí kò mọ ara wọn rí. Ọkàn ìyá rẹ̀ bàjẹ́, kò sì rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

"Ẹ bá mi wá ìró kan," ni ó wí níkẹyìn.

Àwọn òbí ti kún abẹ́ ìbòòrùn tí wọ́n ta sí àgbàlá. Àwọn tó fi ọkọ̀ wá láti VGC jókòó, àwọn tó wọ kẹ̀kẹ́ wá jókòó, ooru ò sì mọ olówó yàtọ̀. Bàbá Bàṣírát, bíríkìlà tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ajah, sáré wá láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lára bàtà. Lọ́yà kan láti Lẹ́kkí Phase 1 ló jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì ń fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn.

Nígbà tí Ìyá Eléwúrẹ́ jáde, tí àwọn ọmọ rí i pé tíṣà wọn ni, ariwo ta. Rẹ̀míláyọ̀ fa okùn tí kò sí ewúrẹ́ ní ìdí rẹ̀, ó bú u, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bú u. Kò mọ̀ pé òun lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ibi tí yóò ti kúnlẹ̀.

Ó rò pé yóò nira. Ṣùgbọ́n bí orúnkún rẹ̀ ti kan sìmẹ́ǹtì, ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé òun ti kúnlẹ̀ nítorí ọmọ yìí rí, lọ́jọ́ tí òun bí i, kò sì sí ẹni tó ní ó tàbùkù òun. Ó gbójú sókè. Kò tíì wo Fèyíkẹ́ láti ìsàlẹ̀ rí. Àgbọ̀n àti ètè ọmọ náà ló hàn lábẹ́ fìlà ńlá náà.

"Kábíyèsí," ni ó wí, "ewúrẹ́ mi ló jẹ iṣu ààfin. Èmi sì ti lọ fìyà jẹ àgùntàn aládùúgbò mi. Mo fìyà jẹ aláìṣẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó kàn, òun ló kọ ọ́: àgùntàn náà ò lẹ́nu tó fi máa rojọ́. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde. Fèyíkẹ́ tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí ìtẹ́. Ó rò pé ìyá òun ti gbàgbé, ó sì ń mi ètè láìpariwo, ó ń sọ ọ́ sí i lẹ́nu bí àwọn òṣèré ti máa ń ran ara wọn lọ́wọ́: àgùntàn náà, àgùntàn náà.

Ibẹ̀ ni agbára Rẹ̀míláyọ̀ pin sí.

"Àgùntàn náà sọ fún mi," ni ó wí. "Ó ní, èmi kọ́. Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Mo mú un kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìlú."

Ẹ̀rín bú jáde. Àgùntàn tó ń sọ̀rọ̀, tó tún ń kúnlẹ̀! Bíríkìlà lu itan lọ́yà.

"Ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ òótọ́, ojú tì mí. N kò bẹ̀ ẹ́. Dòdò ni mo dín fún un."

"Dòdò kẹ̀, fún àgùntàn," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, gbogbo àgbàlá sì mì. Ọ̀gbẹ́ni Tìjání gbójú sókè lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Fèyíkẹ́ náà ò rẹ́rìn-ín. Bí eré ti lọ, ó yẹ kó ní kí obìnrin náà dìde, kó lọ so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ó jẹ dòdò náà?" ni ó béèrè.

"Ó jẹ ẹ́, Kábíyèsí. Ó tún fọ abọ́."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

"Kí ló wá kù?"

"Ó kù kí n bẹ̀ ẹ́." Rẹ̀míláyọ̀ fi okùn ewúrẹ́ sílẹ̀. "N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀ níwájú. Obìnrin kan dá ìwé tó fi ń fẹ́ ara dúró.

Adelé kì í dìde lórí ìtẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Rẹ̀míláyọ̀ ti pariwo rẹ̀ fún wọn títí níbi ìdánrawò. Fèyíkẹ́ dìde. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ agbádá mọ́lẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn ní èyí, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni wọ́n: ọba kì í wà nílẹ̀ kí ìjòyè wà lóòró. Ni gbogbo wọn bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú fìlà àti ìrùkẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò fò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Tìjání, tí kò mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe, fi ọwọ́ lé orin ìparí, àwọn akọrin sì gbè é.

Lẹ́yìn náà, ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ di ọwọ́ Rẹ̀míláyọ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyáàfin Akínọ̀ṣọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Níbo lẹ ti rí ọ̀rọ̀ àgùntàn yẹn?"

"Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni, mà."

Nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Fèyíkẹ́ nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó tẹ́ agbádá sórí tábìlì, ó ń ká a. Kò yíjú padà.

"Mọ́mì, ṣé eré ni?"

Ọ̀nà àtisá wà níwájú Rẹ̀míláyọ̀. Kó ní eré ni, kí wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, kó tún dín nǹkan. Kò sí èrò mọ́, kò sí Kábíyèsí tó lè sá sí lábẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju ti orí ìtàgé lọ.

"Rárá," ni ó wí. "Kì í ṣe eré. Mo ṣẹ̀ ọ́, Fèyíkẹ́. Má bínú."

Ọmọ náà ká apá agbádá kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè dúró dáadáa.

"Mi ò bínú tó bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Mo ń retí yín ni. Tí mo bá ti dá yín lóhùn, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó wọ yàrá, bóyá ẹ máa sọ ọ́."

Rẹ̀míláyọ̀ rántí wọn, ìdúró díẹ̀díẹ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ní àárọ̀, ní alẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló rí. Ìgbéraga ló pè é, ó tiẹ̀ ti bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọmọ náà ti kó orí kunkun. Ó sún mọ́ tábìlì, ó di etí kejì agbádá náà mú, àwọn méjèèjì sì jọ ká a.