Ìrù Ọ̀bẹ Àkíbù

Ó pẹ́ nínú iná. Ó ti pẹ́ jù... àbí kò pẹ́? Mo ní kí n sáré kírun Alásárì. Mo padà dé, ọ̀bẹ ti pọ́n kọjá ibi tó yẹ, ó ń lọ sí funfun, fáànù sì ń fẹ́ èédú lọ ràì. Èmi Misbaudeen, tí mo máa ń pariwo pé kò sí alágbẹ̀dẹ bíi tèmi ní Bẹyẹrúnkà, mo gbàgbé láti pa fáànù! Mo jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, mo rì í bọ epo. Ó ti le báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àkíbù alápatà ń bọ̀ kí Màgàríbà tó tó. Ọ̀la ló ń padà sídìí ẹran l'Ọ́jà'ba, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ọ̀bẹ tí mo rọ fún un ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò bá mi jà. "Àmúwá Ọlọ́run ni, Misbáù. Rọ òmíràn fún mi jàre." Mo mi orí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmúwá Ọlọ́run ni.

Ìrù ọ̀bẹ náà nìyí. Bàbá mi ló kọ́ mi: fi ìrù, irin kékeré tó yọ ní ìdí, sílẹ̀ lára ọ̀bẹ, kí ó jẹ iná kan náà, kí ó mu epo kan náà, kí o wá ṣẹ́ ẹ wò. Bí inú rẹ̀ bá rí bíi gaàrí, ọ̀bẹ ti bàjẹ́. Bó bá kúnná bí èlùbọ́, gbé e fún ẹni tó ni ín.

Kí n má ṣẹ́ ẹ ńkọ́? Kí n kàn gé e sọnù, kí n pọ́n ọ̀bẹ títí yóò fi máa dán... Ta ni yóò mọ̀?

Sọ̀fíyàt ọmọ mi gbé díẹ̀ lára sípíríǹgì ọkọ̀ tí mo fi rọ ọ̀bẹ yìí lọ sí Póòlì tó ti ń kàwé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. "Bàbá, hóró ló wà nínú irin. Tí iná bá pọ̀, àwọn ńlá á máa gbé àwọn kékeré mì. Àmọ́ èyí ní irin kan tí wọ́n ń pè ní fánédíọ̀mù nínú. Bíńtín ni o, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró sáàárín wọn bíi pèrègún ààlà oko. Kò ní jẹ́ kí ẹnì kan gba ilẹ̀ ẹnì kejì." Inú mi dùn. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n tí iná bá le jù, pèrègún náà á jó o."

Ṣé ó jó?

Bísímílà. Mo fi ẹ̀mú dì í mú. Mo gbé òòlù—

Ó ṣẹ́. Mo gbé e síta sínú oòrùn... Ó kúnná. Ó kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Alihamudulilai. Iná náà kò rí i gbé ṣe. Ó ku kí n yá a níná díẹ̀, kó má le jù.

Kí ló dé tí omi ń bọ́ lójú mi?

Ti àkọ́kọ́... ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tó la ọwọ́ Àkíbù, n kò ṣẹ́ ìrù rẹ̀ wò. Mo ń kánjú, mo gé e sọnù. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá Àkíbù pe ohun tí ọwọ́ mi ṣe ní àmúwá Ọlọ́run.

Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí àwọn ará ilé. N kò ní kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ fún un. Màá fi ìrù yìí lé àtẹ́lẹwọ́ tó ní àpá náà, màá ní: Àkíbù, wo inú rẹ̀. Èyí ni n kò wò nígbà yẹn.