Ọmú Ìyá Yísà

"Ọmọ ọmú ni mo fi sílé," Sìdíkátù sọ fún gáàdì náà ní èdè Dioula. "Ṣàánú mi, jẹ́ kí ọkọ̀ wa kọjá."

Gáàdì kò dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Igi gbọọrọ tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é mọ́ òpó. Baríẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Òjò ti dá tipẹ́, ṣùgbọ́n òfin Kọmandáǹ, òyìnbó tó ń ṣe olórí agbègbè náà, ni pé bí òjò bá ti rọ̀, ọkọ̀ ẹrù kankan kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà Béoumi sí Bouaké títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ, kí táyà má baà ba ọ̀nà ìjọba jẹ́.

"Màmá Anago," ni gáàdì wí, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin Yorùbá níbẹ̀, "bí mo bá ṣí i fún ọ, ṣé ìwọ ni yóò bá mi ṣe ẹ̀wọ̀n?"

Kò pẹ́ sí i ni ọkọ̀ kékeré òyìnbó olówùú kan dé. Gáàdì fò dìde, ó tú ṣẹkẹṣẹkẹ, ó na ara rẹ̀ gbọnrangandan, òyìnbó sì kọjá láì wo ọ̀tún wo òsì. Gáàdì tún de igi rẹ̀ padà. Ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ fún Sìdíkátù ti gbẹ fún òyìnbó, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Hàmídù awakọ̀ ti tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ ní tirẹ̀. Ó ti ń ná ọ̀nà yìí tipẹ́, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí kò tíì bẹ àwọn gáàdì rí. "Ìyá, ẹ wá ibi fẹ̀yìn tì," ó ní. "Ó di òwúrọ̀."

Ọmú Sìdíkátù méjèèjì ti kún, ó ń ro ó dé abíyá. Ó mú abọ́ tánganran kan nínú ọjà tí kò tà, ó bọ́ sẹ́yìn igi ńlá kan, ó sì fún díẹ̀ sínú abọ́ náà. Ó wò ó títí, kò mọ ohun tí ènìyàn í fi í ṣe, ó bá dà á sí ìdí igi. Ó dùn ún gan-an. Ọmọ tó ni ín wà ní Bouaké, ilẹ̀ ló ń mu ún.

Ní ọjọ́ mìíràn, kò sí ohun tó ń ya òun àti ọmọ náà. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá, Sìdíkátù á ti dáná. Kí ọkọ rẹ̀ tó ti mọ́ṣáláṣí dé, á ti wẹ Mọ́nsúrátù, á ti pọ̀n ọ́n, á sì ti di igbá wọ́síwọ́sí rẹ̀ rù: ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́, òwú, dígí, abọ́. Ọjọ́ ọjà Brobo, ó di Brobo. Ọjọ́ ọjà Béoumi, ó di Béoumi. Ọjọ́ tí kò bá sí ọjà oko, ó wà lọ́jà Bouaké láàrin àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìsọ̀ wọn to ara wọn. Bó bá dé lálẹ́, á tún dáná, á fọ aṣọ, á to ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀la sínú òwú nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí wọ́n ní ibà kan ń mú àwọn ọmọdé ní Béoumi, ló bá fi Mọ́nsúrátù sílé lọ́dọ̀ Sèlíátù, ìyá Yísà, tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan. "Ẹ̀kọ wà nínú ìkòkò," ó ní. "N óò dé kí oòrùn tó wọ̀."

Látijọ́, kì bá tí sí wàhálà kankan nínú èyí. Obìnrin tó bá ní omi lọ́mú nínú àgbàlá náà ló ń fún ọmọ tó bá ń ké, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ọmọ ta ni. Ọ̀rọ̀ yí padà ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Mọ́nsúrátù. Àmọ̀sù, ọkọ Sèlíátù, tó gba ilé náà, tó sì mú Ọlábọ̀dé ọkọ Sìdíkátù wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló wo ọmọ tuntun náà tó rẹ́rìn-ín pé, "Ìyàwó Yísà dé." Ọlábọ̀dé sì dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti fún un. Àwọn ènìyàn rò pé eré ni, títí Alfa fi wá sílé láti kìlọ̀ fún àwọn obìnrin méjèèjì.

"Àwọn tó bá mu ọmú kan náà, ọmọ ìyá ni wọ́n lọ́dọ̀ Ọlọ́hun," ni Alfa wí, "bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n mu ún. A kò lè so yìgì láàrin wọn láéláé. Kí ìyá Yísà má ṣe fi ọmú fún Mọ́nsúrátù, kí ìyá Mọ́nsúrátù má ṣe fi ọmú fún Yísà. Ẹ ṣọ́ra o."

Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ pín obì ọ̀rọ̀ náà ní mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n bá ti pín in, ó parí nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó bi Sìdíkátù. Kì í ṣe pé Yísà burú. Ọmọ tí kò tíì rìn dáadáa, kí ni yóò fi burú? Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá Sìdíkátù ṣe fi òun fúnra rẹ̀ ṣe sàráà fún ọkùnrin tí kò rí rí. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Bouaké, tí wọ́n ń pè ní gáà, ọkùnrin méjì ló ń dúró dè é. Ó wo èyí tó sanra, ó kúnlẹ̀ fún un, ó pè é ní olówó orí òun. Àmọ̀sù ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọlábọ̀dé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Síbẹ̀, ojú tó tì í lọ́jọ́ náà kò tíì tán lára rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ pàdé irú rẹ̀.

Ó ti bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. "Ẹ jẹ́ kó dàgbà ná," ó ní.

"Ẹni tó gbà mí sílé, tó fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́," Ọlábọ̀dé dáhùn, "kí ni mo ní tí mo lè fi san oore rẹ̀? Ọmọ ni mo ní."

"Ọmọ tèmi náà ni."

"Ta ló ní kì í ṣe tìrẹ? Ọ̀rọ̀ ti parí, Ìyá Mọ́nsúrá."

Oòrùn ti mú kí gáàdì tó ṣí igi rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Sìdíkátù fi máa wọ àgbàlá, iwájú bùbá rẹ̀ ti tutù. Kò gbọ́ igbe ọmọ, inú rẹ̀ sì kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn kan tó há, tó ń fà bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró, ó sì mọ̀ pé igbe ọmọ òun ni.

Sèlíátù pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ojú òun náà pọ́n. "O kú ewu," ó ní. "Ó kọ ẹ̀kọ o. Mo fi ṣíbí fún un, ó tu ú. Mo fi omi fún un, ó tu ú. Láti àná ló ti ń ké títí ohùn fi há mọ́ ọn lọ́fun."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Èmi? Mo pọ̀n ọ́n yí àgbàlá ká títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Bó bá ti ké, ọmú mi á máa dà, mo pààrọ̀ aṣọ títí aṣọ fi tán. Mo bá a sunkún, Ọlọ́hun rí mi. Ṣùgbọ́n mo mú ọkàn le. Mo ní bí mo bá fún un, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ìyàwó ọmọ mi ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan pamọ́ tó sì dá a padà pé pérépéré. Sìdíkátù ní, "Ẹ ṣé é." Ó gba ọmọ, ó jókòó sórí ẹní, ó sì fún un lọ́mú. Mọ́nsúrátù mu ún, ó ṣíwọ́, ó ṣe sùkèsùkè, ó tún mu ún. Kò mu ọmú àkọ́kọ́ tán tí oorun fi gbé e lọ. Ọmú kejì kún síbẹ̀.

Ọlábọ̀dé yọjú, ó ti múra ọjà. "A gbọ́ pé baríẹ̀ ló dá yín dúró," ó ní. "Ìyá Yísà gbìyànjú o. Obìnrin mìíràn ì bá ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Alfa náà gbọ́, ó ní inú òun dùn sí i."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín?"

"Yóò là. Ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé." Ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà jẹ́jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí Sìdíkátù. Kò bínú sí Sèlíátù, kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ bínú sí ọkọ rẹ̀. Ọmọ kò tíì hu eyín tán, ilé ọkọ ti febi pa á, gbogbo ilé sì ń kí ara wọn kú oríire. Ohun tó bí i nínú nìyẹn.

Sèlíátù gbé garawa, ó lọ pọnmi. Yísà sùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹní náà. Kò pẹ́ tó jí, tó wá ìyá rẹ̀ tì, tó sì figbe ta. Ìyá Àmínù, ìyá àgbà tó ń rẹ́ ilá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, gbójú sókè.

"Fún un ní ẹ̀kọ yẹn kí ìyá rẹ̀ tó dé," ó ní.

Abọ́ ẹ̀kọ náà wà níbẹ̀, ẹ̀kọ àná tí Mọ́nsúrátù kọ̀, ó ti di lójú. Sìdíkátù wò ó. Yísà rákò wá bá a, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó ń ké. Sìdíkátù gbé e lé ẹsẹ̀, ó ká bùbá rẹ̀ sókè, ó sì fi ọmú tó kún náà sí i lẹ́nu.

Ọ̀bẹ Ìyá Àmínù dúró. "Sìdíkátù," ó pè é.

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Alfa sọ fún yín."

"Etí mi gbọ́ ọ. Ẹ wò ó dáadáa, Ìyá, kí ẹ lè sọ ohun tí ẹ rí bí wọ́n bá bi yín lọ́la."

Yísà ń mu lọ ní tirẹ̀, gbìn-ìn gbìn-ìn. Ìrora tó ti wà lábíyá Sìdíkátù láti ọ̀nà Béoumi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Sèlíátù bá wọn. Ó dúró pẹ̀lú garawa lórí, omi ń kán sí i lójú, kò sì nù ún.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ó bèèrè.

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ebi ń pa ọmọ yín, ọmú ń ro mí. Mi ò lè mú ọkàn le bíi tiyín." Sìdíkátù kò gbé ohùn sókè. "N óò lọ bá Bàbá Yísà fúnra mi. N óò kúnlẹ̀, n óò sọ pé èmi ni mo ṣe é. Orúkọ yín kò ní í wọ̀ ọ́."

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Bó bá ní kó o padà sílé bàbá rẹ?"

Ẹ̀rù ba Sìdíkátù nígbà tó gbọ́ ọ. Ó ti ro ó kó tó gbé ọmọ náà, ẹ̀rù sì ti bà á nígbà náà pẹ̀lú. "Mo mọ ọ̀nà gáà," ó dáhùn.

Mọ́nsúrátù ló jí, tó la ẹnu, tó sì ń fi ohùn tó há náà ké. Àbàwọ́n omi méjì yọ lẹ́ẹ̀kan náà níwájú bùbá Sèlíátù. Ó wo ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Àmínù dìde, ó bá a sọ garawa kalẹ̀.

"Èyí tó bàjẹ́ ti bàjẹ́ ná," ni Sèlíátù wí. Ojú rẹ̀ kò túká, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí ẹní náà. "Gbé ọmọ yẹn fún mi."

Sìdíkátù fi ọwọ́ kan gbé e fún un. Sèlíátù ká bùbá rẹ̀ sókè, Mọ́nsúrátù wá a kiri díẹ̀, ó rí i, ó sì dákẹ́. Àwọn obìnrin méjèèjì kò wo ara wọn. Yísà ti yó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ, ó sì ta àbúrò rẹ̀ nípàá.