Fìlà Àgùdà Lórí Ìyá Wa

Tanne, àbúrò mi, kò mọ ojú ìyá wa. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni nígbà tí òkun wó odi tó ń dá omi dúró ní etíkun wa lọ́dún 1953, tó sì gbé gbogbo fọ́tò ilé wa lọ. Ìyá wa kú kí ọdún náà tó parí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni èmi. Mo rántí ojú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí Tanne fi fà mí lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé omíyalé. Ó gbọ́ pé fọ́tò kan wà níbẹ̀: obìnrin kan nínú ọkọ̀ ojú omi, ó gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ àyà. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Dina ló mú wa débẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà láti abúlé kejì ni. Ó fẹ̀yìn tì, ó ń bá wọn ṣọ́ ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Òjìji bo ìdajì ojú obìnrin náà. Mo wo fìlà rẹ̀.

"Kì í ṣe òun," ni mo wí. "Fìlà onígun ni. Ti Àgùdà. Róbótó ni ti àwa ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì."

Ojú Tanne fà ro. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un wò."

"Mo ti wò ó."

"Ẹ̀yin èèyàn yìí!" ni Dina wí. "Omi ń gbé yín lọ, igun fìlà lẹ̀ ń wò."

"Ìyá mi ò jẹ́ dé e."

"Ṣé kó wá fi orí lásán jókòó níwájú ayafọ́tò ni?"

Obìnrin wa kankan kì í jẹ́ kí àlejò rí orí òun lásán. Mo rántí ìyá mi nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kan bo irun rẹ̀. Kò bèèrè búrẹ́dì. Ohun tó ń pariwo ni pé, "Ẹ wá nǹkan fún mi dé!"

Mo bọ́ jígí ojú mi, mo sún mọ́ ògiri. Igun òsì fìlà náà kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti ká a wọlé, wọ́n fi píìnì méjì dè é. Igun ọ̀tún ti já kúrò nínú píìnì tirẹ̀, ó dúró ṣánṣán bí etí ológbò.

"Dina, ta ló ń ká igun fìlà yín báyìí?"

Ó tẹjú mọ́ ọn. "Kò sí ọmọ ìjọ wa kankan."

"Wọ́n yá a ní fìlà Àgùdà, ó fẹ́ sọ ọ́ di róbótó ni, kí olùṣọ́ àgùntàn wa má bàa rí i." Mo yíjú. "Tanne, ìyá wa nìyẹn."

Dina rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Tanne ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

"Ṣé bó ṣe lágídí tó nìyí?"

"Ó jù báyìí lọ."

Dina mú pẹ́ńsù. "Orúkọ?"

"Neeltje Wisse."

"Ṣé kí n kọ Àgùdà sí i?"

"Dán an wò!"

Tanne gbé àga wá síwájú fọ́tò náà, ó jókòó. "Ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo rẹ̀."

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí orin tí ó máa ń ṣì kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ohùn rẹ̀ sì ń borí gbogbo ìjọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, n kò tíì dé ìdajì.