Láyíwọlá Àti Alùpùpù Rẹ̀ Lọ Rí Dókítà

Àlá ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe ti òru. Láyíwọlá káfíńtà, ará Ìkìrun, ló lá a ní ọjọ́ Àìkú, lórí àga gbọọrọ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, lẹ́yìn tó jẹun tán. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún wa ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ń gun alùpùpù rẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó di pákó méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àgbò kan já sójú títì, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Láyíwọlá yà fún un. Àgbò kọjá ní àlàáfíà. Láyíwọlá, alùpùpù àti pákó sì di ẹrù inú gọ́tà. Àwọn èèyàn sáré wá.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn!”

Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù. “Kò sí nǹkan tó ṣe mí,” ló wí. Ó tún gun alùpùpù tí fìtílà rẹ̀ ti fọ́, ó di ilé.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti mí báyìí, ìhà òsì rẹ̀ á gún un bí ẹni pé wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀ rí i pé ó ń wọ aṣọ bí ẹni tí aṣọ ń bù jẹ.

“Bàbá Dunmininú, ẹ jẹ́ ká lọ kí dókítà yẹ̀ yín wò.”

“Kí ni kó yẹ̀ wò? Ara mi le koko bí ìrókò.”

“Kí ló dé tí ẹ ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ Jímọ̀?”

“Kò sí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á. Fábùnmi, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, já bọ́ láti orí òrùlé ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó dìde, ó ní kò sí nǹkan, ó tilẹ̀ jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n sin ín. Láyíwọlá wá rò ó pé bí òun kò bá béèrè, kò sí ẹni tí yóò fi èsì burúkú dá òun lóhùn.

Èrò yìí ló ń rò tí oorun fi gbé e.

Nínú àlá náà, ó bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Alùpùpù rẹ̀ ń bá a rìn, ó gbé ọwọ́ kan lé e léjìká, ó ń tiro. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé fìtílà rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ rọra máa rìn,” ni alùpùpù wí. “Táyà ẹ̀yìn ń ro mí.”

Kò ya Láyíwọlá lẹ́nu pé alùpùpù ń sọ̀rọ̀. Ohun tó bí i nínú ni pé kò kí òun “ẹ káàsán” kó tó bẹ̀rẹ̀ àròyé.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilé ìwòsàn kò sí nílẹ̀. Òkè ló ń léfòó sí, ó ga tó òpó iná, wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀ bí ẹran ọdún. Ọlọ́dẹ kan jókòó sídìí okùn, ó ń jẹ ẹ̀pà.

“Ẹ ní sùúrù, bàbá,” ni ọlọ́dẹ wí. “Wọ́n ń jẹun ọ̀sán lókè. Bí wọ́n bá yó, ilé á wúwo, á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání lójú Láyíwọlá. Ó dúró. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ilé náà gùnfẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra sọ̀kalẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà wọlé, nítorí pé ẹnu ọ̀nà wà ní lífù, ó lọ sinmi iṣẹ́.

Akọ̀wé kan jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó wọ awò ojú, ó de táì.

“Ta ni aláìsàn nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Alùpùpù na ọwọ́ sókè. Akọ̀wé kọjú sí Láyíwọlá. “Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò ṣubú ni?”

“Òun ló ṣubú,” ni Láyíwọlá dáhùn. “Èmi kàn wà lórí rẹ̀ nígbà tó ń ṣubú ni. Kò sí nǹkan tó ṣe mí.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Akọ̀wé kọ orúkọ alùpùpù sórí káàdì. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé Láyíwọlá ni ẹbí aláìsàn.

Àwọn nọ́ọ̀sì gbé alùpùpù sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n da aṣọ bò ó. “Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi,” ni wọ́n ń wí. Dókítà fi etí lé táńkì epo rẹ̀, ó ń fi ìka kàn án kọ́kọ́kọ́.

“Ṣé o ń jẹun dáadáa?”

“Mò ń jẹun, sà, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí n yó.”

Gbogbo wọn yíjú sí Láyíwọlá. “Irú ẹbí wo lèyí?” ni nọ́ọ̀sì kan wí jẹ́jẹ́. Ojú tì í. Ó fẹ́ mí kanlẹ̀ kó tó wí àwíjàre, ni ìhà bá gún un.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ṣe tán níbẹ̀, ìhà mi yìí—”

“Káàdì yín dà?”

Kò ní káàdì. Dókítà fi ọwọ́ tọ́ka sí ilẹ̀kùn kan. “Yàrá àwọn tí kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n nìyẹn.”

Yàrá náà tutù. Àwọn èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga gbọọrọ kan tó gùn débi pé ojú kò tó òpin rẹ̀. Koríko ti hù lórí fìlà àwọn mìíràn. Ẹni tó wà ní ìkángun tó súnmọ́ ọn ni Ọ̀gá Fábùnmi, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀ bí ìgbà ayé rẹ̀.

“Láyí, o pẹ́ kí o tó dé.”

“Ẹ káàsán, sà. Kí lẹ ń ṣe níbí?”

“Kò sí nǹkan,” ni Ọ̀gá Fábùnmi wí.

“Kò sí nǹkan!” ni gbogbo ará orí àga gbè é lẹ́sẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé.

Ọ̀gá Fábùnmi fa téèpù yọ, ó wọn ìdí Láyíwọlá, ó wọn àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ó ṣe rẹ́gí,” ló wí. “Jókòó.”

Láyíwọlá wo àga náà. Ó mọ ọwọ́ tó kàn án: ọwọ́ òun ni. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé kò mì rárá pẹ̀lú gbogbo èrò tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ̀rù wá bà á, ó bẹ́ sóde.

“Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún káàdì kọ. Irọ́ ni mo pa!”

Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wúkọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí ipò ọ̀gá kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye ẹsẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà.”

“Mẹ̀ẹ̀ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí nǹkan. Ta ni yóò jẹ́rìí pé nǹkan wà?” Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń jẹ káàdì.

“Ìṣojú mi ni!” ni alùpùpù kígbe láti orí bẹ́ẹ̀dì.

“Aláìsàn kì í jẹ́rìí fún ẹbí rẹ̀.”

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ tí ohun kan ń kan ilẹ̀kùn nínú ẹ̀wù Láyíwọlá. Kó, kó, kó.

“Ta nìyẹn?” ni òbúkọ béèrè.

“Àwa egungun ìhà ni. Méjì nínú wa ti sán. Láti ọjọ́ Jímọ̀ la ti ń pè é, ńṣe ló ń mí díẹ̀díẹ̀ kó má baà gbọ́ wa.”

“Kó mí kanlẹ̀ ká gbọ́.”

“Mí kanlẹ̀!” ni àwọn nọ́ọ̀sì wí. “Mí kanlẹ̀!” ni ọlọ́dẹ kígbe láti ìta. Ohùn Ọ̀gá Fábùnmi ló wá ju ti gbogbo wọn lọ: “Wí i, Láyí! Èmi ò wí i nígbà tó yẹ kí n wí i.”

Láyíwọlá di ojú, ó fa èémí láti gìgísẹ̀ wá. Ó figbe ta: “Ó ń dùn mí o!”

Ló bá jí.

Òbúkọ Ìyá Rẹ̀mí aládùúgbò wọn dúró ti orí rẹ̀, ó ń jẹ ewé máńgòrò, ó ń wò ó. Oorun kò tíì dá lójú Láyíwọlá. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ láti orí àga. “Ẹ káàsán, sà,” ló wí fún òbúkọ. “Ẹlẹ́rìí ti dé.”

Mopélọ́lá tó gbọ́ igbe tó sáré jáde bá a níbẹ̀. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Yéè! Ó ti kan orí!”

“Kò kan orí,” ni Láyíwọlá wí. “Ìhà ni.”

“Kí lẹ wí?”

“Ìhà òsì. Láti ọjọ́ Jímọ̀. Ó ń dùn mí, Mopélọ́lá, ẹ̀rù sì ń bà mí.”

Mopélọ́lá kò sọ pé “ṣé mo sọ fún yín.” Ó wọlé lọ mú bàtà rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀, torí pé ọkùnrin náà kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, ilẹ̀ ló wà, ẹnu ọ̀nà sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Òógùn bo Mopélọ́lá lójú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ rẹ̀ dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń kọ káàdì wò wọ́n.

“Ta ni aláìsàn nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Láyíwọlá kọ́kọ́ bojú wo ẹsẹ̀ obìnrin náà lábẹ́ tábìlì. Méjì ni.

“Èmi ni,” ló wí.

Wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀. Méjì ti sán lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ní bó bá fi ọjọ́ méjì sí i pẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé pákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín àrínkúdórógbó.

Ìyẹn ló wá ṣòro, nítorí ọjọ́ tí a lọ kí i ló sọ àlá náà fún wa. Kó tó dé ibi tí ẹnu ọ̀nà wà ní lífù, ẹ̀rín ti pa gbogbo wa, ó sì ń pa òun náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìhà mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́! Ó ń dùn mí!”

“Ẹ ẹ̀ gbọ́ bó ṣe dùn lẹ́nu ẹ̀,” ni Mopélọ́lá wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ jẹ́ kó tún un wí.”