Tábìlì Olúwa Láàárín Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ni àwọn méjèèjì. Pákó Àgbà làwọn ará àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń pe àbúrò ní Pákó Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò yìí ló ga jù, òun náà ló sì sanra jù. Nínú ìsọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, títí di ọjọ́ tí Pákó Àgbà wo ilẹ̀kùn tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán, tó sọ lójú oníbàárà pé iṣẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Àbúrò kàn lọ kó pákó wá, ó fi dá ìsọ̀ náà sí méjì láti ògiri dé ògiri, ó la ilẹ̀kùn tirẹ̀ sójú títì, wọ́n sì pín irinṣẹ́ bàbá wọn lọ́gbọọgba. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ò pa wọ́n pọ̀ mọ́. Bí ọ̀kan bá sín, èkejì á gbọ́ kedere, kò jẹ́ sọ pé pẹ̀lẹ́.

Ẹ má rò pé Pákó Àgbà kì í ṣe onígbàgbọ́ o. Onígbàgbọ́ paraku ni. Láràárọ̀, kó tó mú ayùn, á kúnlẹ̀ sínú èérún igi, á bẹ Olúwa pé kó fún ayé ní àlàáfíà. Ó sì ń wù ú tọkàntọkàn. Ìròyìn ogun ni rédíò rẹ̀ ń gbé jáde láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Níwájú ìsọ̀, aránṣọ àti fọ́kanáísà ń jà lórí ẹni tó yẹ kó gbá gọ́tà. Nínú ìjọ pàápàá, ẹgbẹ́ akọrin àtàwọn alàgbà ò kíra wọn mọ́ nítorí ibi tó yẹ kí wọ́n gbé dùùrù sí. Gbogbo rẹ̀ ti sú u dé ọkàn. Àmọ́ bó bá ń gbàdúrà, ohun tó ń rò ni pé kí Olúwa bá òun pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Ní ti àbúrò rẹ̀, ó ti bá Olúwa ṣe àdéhùn tiẹ̀ lọ́tọ̀: bí ọmọkùnrin náà bá wá tọrọ àforíjì, òun á dárí jì í.

Lọ́jọ́ kan, igi ńlá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wó, àlùfáà sì ní kí wọ́n là á sí pákó, kí wọ́n fi ṣe tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Pákó Àgbà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Kò sí igi mìíràn bíi rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ó fá àwọn pákó náà títí etí wọn fi bára mu, débi pé ìmọ́lẹ̀ ò rí àárín wọn gbà kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó fẹ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́jà, òun nìkan ló wà ní ìsọ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù kun etí gbogbo pákó bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó tò wọ́n síra wọn, ó wá nawọ́ sí ògiri láti mú àwọn irin tí wọ́n fi ń fún pákó pọ̀. Ìṣó lásán lọwọ́ rẹ̀ bà. Ìdajì irin náà wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín ìsọ̀, àpótí ìjókòó àti fèrèsé ló ń kàn, irin tirẹ̀ sì ń tó o. Tábìlì gígùn yìí ló mú kí ọwọ́ rẹ̀ padà sí ayé bàbá wọn, ìgbà tí gbogbo irin ṣì wà lógiri kan.

Ó fi èyí tó ní di apá kan. Apá kejì lanu sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá gbẹ bẹ́ẹ̀, igi ìdáná ni tábìlì Olúwa máa dà. Ó fi àyà tì í, pàbó ló já sí. Òógùn bò ó. Lẹ́yìn pákó tó dá ìsọ̀ sí méjì, ó ń gbọ́ ayùn àbúrò rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Ká má purọ́, ó kọ́kọ́ rò ó pé kí igi náà kúkú bàjẹ́. Ẹ wo ìgbéraga: ọkùnrin tó ń bẹ Ọlọ́run fún àlàáfíà gbogbo ayé, kò lè pe ẹni tó wà lẹ́yìn pákó.

Ẹnu rẹ̀ wúwo kó tó là á. "Àbúrò mi," ó ní, "jọ̀ọ́, irin mi ò tó."

Ayùn dákẹ́.

Pákó Kékeré gba ojú títì yí wá, ó gbé irin lé èjìká. Ó wo tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di irin. Àárín gbùngbùn nìkan ló wá kù, irin tó yẹ kó dì í sì ti jẹ, kò di nǹkan kan mú mọ́. Làwọn méjèèjì bá fọwọ́ tì í, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ojú kan ojú. Bí ẹnì kan bá dẹwọ́, gbogbo rẹ̀ á là.

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Lójú títì, aránṣọ ṣì ń bú fọ́kanáísà. Rédíò ṣì ń ka iye àwọn tó kú. Kò sí ohun tó dákẹ́ nínú ayé. Síbẹ̀, nǹkan kan wọ inú ìsọ̀ náà. Títí dòní, Pákó Àgbà ò mọ̀ ọ́n sọ. Ó dà bí ìgbà tí bàbá wọn bá dé láàárọ̀, tí wọn ò tíì rí i, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ti wọlé. Irun ara rẹ̀ dìde. Ẹ̀rù bà á, kò sì fẹ́ kí ẹ̀rù náà lọ. Ó rántí pé Olúwa fúnra rẹ̀ fá igi rí, pé igi á ti gún un lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó wá kan ọwọ́ kan náà mọ́ igi. Ó wo ọwọ́ tiẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n máa gbé búrẹ́dì Rẹ̀ lé, ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàáfíà tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ò dúró kí ìjà ayé tán kó tó wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta ló wọlé?"

"Má wẹ̀yìn," Pákó Àgbà ní. "Jẹ́ kó dúró."

Ó wo àbúrò rẹ̀ lójú. "Ilẹ̀kùn yẹn dára. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo ti mọ̀ pé o ti mọṣẹ́ jù mí lọ. Ìlara ló gbé mi sọ̀rọ̀. Dákun, dárí jì mí."

Omi ń bọ́ lójú Pákó Kékeré, kò sì rí ọwọ́ fi nù ún. "Mo ti dárí jì yín tipẹ́," ó ní. "Mi ò kàn mọ ibi tí mo máa gbà wọlé ni."

Nígbà tí ìyàwó Pákó Àgbà ti ọjà dé, gọ́ọ̀mù ti gbẹ gan-an, kò sì sí ẹni tó tíì gbọ́wọ́ kúrò. Obìnrin náà kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu. Ó ti lanu láti bi wọ́n pé kí ló dé. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ojú àbúrò ọkọ rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Ìṣó àti èérún igi ló kún ilẹ̀ ìsọ̀ náà, kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, bí ẹni tó fẹ́ wọ ibi mímọ́.