Omi Dídùn Lórí Omi Iyọ̀

“Ìyá Ọpẹ́, ẹrù gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ yìí o!”

Godspower tó ń wa ọkọ̀ kò tiẹ̀ wo ojú Àrìnpé nígbà tó sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ wà lára ìgbì tó ń ti apá òkun bọ̀. Láti Igbókòdá ni odò ti ń gbé wọn bọ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá ku díẹ̀ kí wọ́n dé Awóyè, níbi tí òkun ti ya ilẹ̀ wọlé, ni afẹ́fẹ́ bá yí padà. Omi inú ọkọ̀ ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn.

Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́jọ ni wọ́n kó. Mẹ́fà jẹ́ ti Àrìnpé, méjì jẹ́ ti Mùnírátù, nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá láti Ìsẹ́yìn sí ilé ìlera Awóyè, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà gbé àpótí oògùn lé itan, ó dì í mọ́ra gbágbáágbá.

Kì í ṣe pé omi wọ́n ní Awóyè. Òkun wà níwájú, odò wà lẹ́yìn, àní abẹ́ ilé lomi ń gbà kọjá. Èyí tó ṣeé mu ló wọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni tánkì òjò ilé Àrìnpé ti gbẹ, Ọpẹ́fólúwa ọmọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọjọ́ kẹrin rèé. Omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń wẹ̀ fún ìkókó, ara rẹ̀ ti sú. Ìyá ọmọ kò rí omi mu tó, ọmú rẹ̀ sì ti ń gbẹ. Láti àárọ̀ ni ìdí Àrìnpé kò ti gba ìjókòó.

“Ẹ da omi yẹn nù!” Godspower tún kígbe. “Ẹni tó bá yè ló máa mumi!”

Mùnírátù ti ń ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì kan tẹkúntẹkún. Àrìnpé gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Má ṣí i! Na okùn yẹn sí mi!”

“Kí lẹ fẹ́ fi okùn ṣe, ìyá?”

“A ó so wọ́n pọ̀, a ó jù wọ́n sódò, ọkọ̀ á máa wọ́ wọn tẹ̀lé wa.”

“Wọ́n á rì! Omi ló kún inú wọn!”

“Omi dídùn fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ. Ọmọ apẹja ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.”

Mùnírátù wo Godspower.

“Òótọ́ ni,” ni ọkùnrin náà dáhùn. “Ẹ ṣáà yára.”

Àrìnpé fa ọ̀rá ya, ó fi wé ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ó dé wọn le. Ó so tirẹ̀ mọ́ okùn ní tòsí ọkọ̀, ó sì ń so ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó kan ti nọ́ọ̀sì, ìdí okùn ló kù, ó sì ti gbó, wọ́n ti ta kókó sí i lójú méjì. Ojú Àrìnpé rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Wọ́n tì wọ́n sódò. Gbogbo wọn rì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni orí kẹ́ẹ̀gì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ sì gbéra sókè lójú omi. Àwọn obìnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ gbọ́n omi inú rẹ̀. Ìgbì ńlá kan gbá wọn, òmíràn tẹ̀lé e, okùn sì já níbi tó ti gbó.

“Ìyá, tèmi ti lọ!”

“A ò lè yí padà,” ni Godspower wí. “Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ ìgbì yìí, yóò dà wá nù.”

Mùnírátù ń wo kẹ́ẹ̀gì méjèèjì bí wọ́n ṣe ń lọ sójú òkun. “Obìnrin kan ń bọ̀ wá bímọ lọ́dọ̀ mi lọ́la tàbí lọ́túnla,” ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. “Kí ni mo máa fi fọ ọwọ́?”

Àrìnpé ń gbọ́n omi lọ.

Ní èbúté Awóyè, Jọọlá, aládùúgbò rẹ̀, ti dúró dè é. “Ẹ tètè máa bọ̀ o! Láti àárọ̀ ni ọmọ ti ń ké!”

Àrìnpé fa àwọn kẹ́ẹ̀gì sókè, ó tọ́ wọn wò. Iyọ̀ ti wọ ọ̀kan. Ó ku márùn-ún.

“Ẹ kú ewu, ìyá,” ni Mùnírátù wí. “Ẹ lọ wo ọmọ yín.” Ó gbé àpótí rẹ̀, ó gba orí afárá pákó lọ.

“Nọ́ọ̀sì, dúró. Méjì nínú èyí, tìrẹ ni.”

“Rárá o. Tèmi ló bá omi lọ. Ìkókó wà nílé yín.”

“Mo rí i pé ìdí okùn yẹn ti gbó. Ibẹ̀ ni mo so tìrẹ sí.”

Mùnírátù padà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò bínú sí i, kò sì sọ pé kò sí wàhálà. Ó gbé àpótí rẹ̀ lé orí, ó wá na ọwọ́ kan, ó gba kẹ́ẹ̀gì kan.

Àrìnpé gbé èkejì. “Jọọlá, gbé ọ̀kan lọ bá Ọpẹ́. Ní kó kọ́kọ́ mu, kó tó wẹ̀ fún ọmọ.”

“Ẹ ò ní wá wò wọ́n ni?”

“Mò ń bọ̀.”

Igbe ìkókó ń bọ̀ láti inú ilé onípákó tó wà lápá òsì. Àrìnpé gbọ́ ọ. Ó tún kẹ́ẹ̀gì gbé léjìká, ó sì tọ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn sí ilé ìlera.